Kílò kìíní dára, kílò kejì ń jóná: ìgbóná ẹ̀rọ tí mo fi ń yan kọfí

Oníkọfí_Àjàṣẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, lápá ọjà Ouando. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń yan kọfí tà fún àwọn ará àdúgbò. Inú ìkòkò ni mo ti ń yàn án tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo kan ẹ̀rọ kan fúnra mi. Mo ra àgbá inú ẹ̀rọ ìfọṣọ àlòkù, inox ni, irin tí kì í dípẹtà, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri. Mo gbé e sínú ìdajì àgbá epo onílítà 200 tí mo ti jó lórí iná tí mo sì ti fọ̀. Mọ́tò wáípà ọkọ̀ ló ń yí i, bátìrì ọkọ̀ ló sì ń gbé mọ́tò náà. Iná gáàsì wà lábẹ́. Mo lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ àgbá òde, mo ki abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìgbóná bọ̀ ọ́, ojú aago rẹ̀ wà níta.

Irú kọfí tí wọ́n ń pè ní robusta, láti Kpalimé ní Tógò, ni mò ń lò, kílò kan lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Mo máa ń jẹ́ kí aago dé 300 kí n tó da kọfí sí i. Kílò kìíní á gba ìṣẹ́jú 14, á jáde pẹ̀lú àwọ̀ tó dán, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agbo ilé. N kò ní fọwọ́ kan iná. Aago ṣì ń sọ 300 gan-an nígbà tí mo bá da kílò kejì sí i, àmọ́ ní ìṣẹ́jú 10 ó ti dúdú. Kílò kẹta tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ara rẹ̀ jóná, inú rẹ̀ ò jinná. Mo ti da kílò mẹ́fà nù, owó kékeré kọ́ sì ni lọ́wọ́ mi.

Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní PID, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń pa iná tó sì ń tàn án. Ṣé kí n rà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ_Adjarra:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dín iná kù nígbà tó bá kan kílò kejì. Ṣé kò ní tán síbẹ̀?

Oníkọfí_Àjàṣẹ́:

Àbúrò, mo ti ṣe é. Mo dín in kù sí ìdajì, ó wá falẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú 22. Kọfí náà ò ta dáadáa, ìyẹn ni pé èso rẹ̀ ò dún pàpà lórí iná bó ṣe yẹ, ó sì tẹ́ lẹ́nu. Ojú lásán ni mo sì fi wo ìdajì yẹn, n kò lè búra pé ìdajì ni.

Wẹ́dà_Kétu:

Àbúrò, o kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe ní Kétu níbí. Agbada ìdíngàrí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, àmọ́ mo ti ṣe ẹ̀rọ kọfí méjì rí.

Kí n tó dé orí ìgbóná, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ohun kan. Àgbá òde yẹn, ṣé kì í ṣe irin tí wọ́n fi zinc bò lára? Bó bá jẹ́ pé òun ni, má gbé e sórí iná mọ́. Nǹkan bí 420 dígírì ni zinc ń yọ́, ibi tí ahọ́n iná gáàsì bá ti ń lá irin sì lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín funfun rẹ̀ máa ń kó ibà bá àwa wẹ́dà lálẹ́ ọjọ́ tí a bá fà á símú. Èmi gan-an ti jẹ ìyà rẹ̀ rí, n kò fẹ́ kó kan ìwọ tàbí oúnjẹ tí o fẹ́ tà fún èèyàn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ rẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí iná bọ̀ ni abẹ́rẹ́ rẹ ń wọ̀n. Kọfí rẹ kò dé 300 rí. Bó bá débẹ̀, èédú ni. Ní nǹkan bí 150 ni èso tútù máa ń kúrò ní àwọ̀ ewé tí á sì dà bí àgbàdo gbígbẹ. Ní nǹkan bí 196 sí 200 ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Tó bá tún ta lẹ́ẹ̀kejì, tó ń dún ṣáṣáṣá, ó ti tó 225. Iṣẹ́ rẹ pátá wà láàárín 150 sí 225, ìwọ sì ń wo 300.

Irin ló ṣìkejì. Nígbà tí o da kílò kìíní sí i, afẹ́fẹ́ ti gbóná, àmọ́ irin ò tíì gbóná tán. Òun náà ń jẹ nínú iná tó yẹ kó kan kọfí. Nígbà tó fi máa kan kílò kejì, irin ti mu iná yó, ó ti wá di iná kejì. Afẹ́fẹ́ ò yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí aago ò fi yàtọ̀. Kì í ṣe pé aago ń parọ́. Ohun tí o ní kó wò ló ń wò.

Ìyá_Ẹlẹ́pà_Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀pà ni mò ń yàn tà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó ti lé ní ogún ọdún. N kò yan kọfí rí, àmọ́ ohun tí ọmọ Kétu sọ yìí, mo mọ̀ ọ́n.

Inú iyanrìn la ti ń yan ẹ̀pà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, abẹ́ ìkòkò ló máa ń wò. Àmọ́ kì í ṣe iná abẹ́ ìkòkò ló ń yan ẹ̀pà, iyanrìn ni. Iyanrìn máa ń pẹ́ kó tó gbóná, tó bá sì ti gbóná tán, ó máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ pé o ti yọ igi. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í dúró kí ẹ̀pà pọ́n kí n tó yọ igi. Tí òórùn ẹ̀pà tútù bá ti kúrò lára rẹ̀, tí mo bá gbọ́ ẹyọ kan tàbí méjì tó dún, mo ti fa igi méjì sẹ́yìn. Iyanrìn á ṣe ìyókù.

Tí mo bá kó ti àkọ́kọ́ kúrò, n kì í da òmíràn sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo máa ń ju ẹ̀pà mẹ́ta péré sínú iyanrìn, mo á sì kà á dé ẹ̀wá. Tí èèpo wọn bá ti dúdú kí n tó kà tán, iyanrìn ṣì le jù. Mo á máa rò ó kí ooru jáde, mo á tún ju mẹ́ta mìíràn sí i. Ọmọ mi, ìwọ náà wá ẹ̀pà mẹ́ta tìrẹ.

Oníwáyà_Ouando:

Ìyá mi, ẹ ṣeun. Ohun tí wọ́n fi odindi ọdún kan kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ lẹ fi ìkòkò ẹ̀pà sọ yẹn.

Oníkọfí, iṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ ni mò ń ṣe, mo sì ń ta PID. Síbẹ̀ mo ń sọ fún ọ pé kí o má tíì rà á. Iye kan lèèyàn máa ń sọ fún un, pé kí ìgbóná dúró síbẹ̀, yóò sì máa ṣọ́ ọ. Ó dára fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin, ó dára fún ààrò búrẹ́dì. Àmọ́ kọfí kì í dúró lójú kan. Gígùn ló ń gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe ń yára gùn sí ló sì ń sọ bó ṣe máa rí lẹ́nu. Tó o bá tún fi í sí ara abẹ́rẹ́ tó wà níbi tí kò yẹ, á máa fi ọgbọ́n tó ga ṣọ́ ohun tí kò kàn ọ́.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni pé gáàsì lo ń lò. Láti fi PID darí gáàsì, wàá fi fáàfù oníná sí ẹnu páìpù. Jẹ́ ká sọ pé iná mọ̀nàmọ́ná lọ: fáàfù á tì, iná abẹ́ àgbá á kú. Tí iná bá dé, fáàfù á ṣí, gáàsì á máa tú jáde, kò sì sí iná tó máa jó o. Ìwọ sì lè ti wọlé lọ jẹun. Àfi kí ohun tó ń ṣọ́ ahọ́n iná wà níbẹ̀, irú èyí tó wà lára fúrù gáàsì, ààrò onígáàsì, tí á pa gáàsì pátápátá títí èèyàn fi máa padà wá tàn án. Bó bá ṣe pé wáyà oníná lo fi ń yàn án ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Mo sì gbóríyìn fún ọ pé bátìrì lo fi ń yí àgbá. Tí iná bá lọ, kọfí rẹ ò ní dúró sójú kan jóná.

Ohun tí o máa kọ́kọ́ rà ni thermocouple irú K, abẹ́rẹ́ onírúu wáyà méjì tó ń wọn ìgbóná, kó jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, bí i mílímítà 3. Èyí tó bá nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbọ́, ìròyìn ànà ni yóò máa sọ fún ọ. Má fi wáyà kọ́pà lásán fà á gùn. Wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa: èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà Yúróòpù, ewé ni pọ́sítíìfù, funfun ni nẹ́gátíìfù. Ti Amẹ́ríkà, yẹ́lò ni pọ́sítíìfù, pupa ni nẹ́gátíìfù. Pupa yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ oníwáyà lọ́nà. Tó o bá gbé wọn yí, nọ́ńbà á máa wálẹ̀ nígbà tí ìgbóná bá ń gòkè.

Kí o tó so ó mọ́ ẹ̀rọ, ki orí rẹ̀ bọ omi tó ń hó. Ní Àjàṣẹ́ níbí, a ò jìnnà sókun, ó gbọ́dọ̀ sọ 100. Tún ki orí rẹ̀ bọ yìnyín tó ń yọ́, kó sọ 0. Tó bá sọ 104 nínú omi híhó, máa yọ 4 kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi mànómítà kékeré, aago tó ń wọn agbára gáàsì ní mílíbà, sáàárín iná àti détendeur, ìyẹn ohun ẹnu sílíńdà tó ń dín agbára gáàsì kù. Nígbà náà, tí o bá ní o dín iná kù sí ìdajì, wàá lè búra.

Oníkọfí_Àjàṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, irin dúdú lásán ni, kò sí zinc lára rẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà, ọ̀rọ̀ fáàfù yẹn dá mi dúró. Inú ilé ìdáná tó ní fèrèsé kan ṣoṣo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màá gbé e síta lábẹ́ ìbòrí kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìbéèrè mi nìyí: àgbá ń yí. Báwo ni mo ṣe máa ki abẹ́rẹ́ bọ inú ohun tó ń yí láì jẹ́ pé wáyà lọ́ mọ́ ọn?

Wẹ́dà_Kétu:

Ẹ̀yìn ni mọ́tò rẹ ti ń yí i, àbí? Jẹ́ kí ẹ̀yìn máa yí, kí iwájú má yí. Gé irin pẹlẹbẹ roboto kan tí yóò bo ojú àgbá níwájú, jó o mọ́ àgbá òde kó dúró gbọin. Fi àlàfo tíń-ín-rín sílẹ̀ láàárín òun àti àgbá tó ń yí, kó má tó èyí tí èso kọfí lè gbà jáde. Lára irin tí kò yí yẹn ni abẹ́rẹ́ máa gbà wọlé.

Ibi tó máa wọlé sí ṣe pàtàkì gan-an. Dúró níwájú, kí o wo ibi tí àgbá ń yí sí. Bó bá ń yí bí ọwọ́ aago, kò ní jẹ́ kí kọfí jókòó sísàlẹ̀ pátá, yóò gbé e lọ sápá òsì. Ibi tí ọwọ́ aago máa ń wà tí a bá ní agogo mẹ́jọ lù, ibẹ̀ ni òkìtì kọfí máa ń pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni kí o lu, kí abẹ́rẹ́ wọlé tó ìwọ̀n ìka, kí kọfí bò ó mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Tí orí rẹ̀ bá yọ síta lára òkìtì, afẹ́fẹ́ lo tún ń wọ̀n yẹn.

Àgbá rẹ sì ní ihò, ahọ́n iná ń gbabẹ̀ lá èso lára. Òun ló fà á tí ara kílò kẹta fi jóná tí inú rẹ̀ ò jinná. Fi irin pẹlẹbẹ kan sáàárín iná àti àgbá, kí iná máa lu irin, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gòkè. Máa gbá ìyàngbò tó bá já bọ́ sórí rẹ̀ kúrò lẹ́yìn kílò kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ibi tí ìyàngbò kọfí ti gbiná, tí gbogbo ohun tó wà nínú àgbá sì bá a lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀, ti gáàsì kíákíá, kí o sì dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ọmọ_Adjarra:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Ìyá ní etí àti imú ni àwọn fi ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n Oníwáyà ní nọ́ńbà. Èwo ni kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbà?

Ìyá_Ẹlẹ́pà_Ṣábẹ̀ẹ́:

Etí ni, ọmọ mi. Nọ́ńbà ò lè gbóòórùn.

Oníwáyà_Ouando:

Mo bá Ìyá jiyàn díẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Robusta kì í ta kíkankíkan bí arabica, irú kọfí kejì, mọ́tò wáípà sì ń ké létí rẹ. Tó o bá ń dúró kí o gbọ́ kí o tó dín iná kù, o ti pẹ́. Ó nídìí: tí kọfí bá dé ibi tó ti ń ta, ooru tirẹ̀ náà máa ń tú jáde láti inú, ìgbóná á sì fò sókè láì jẹ́ pé o fi kún iná. Ṣáájú ìgbà yẹn ni o gbọ́dọ̀ ti fa ọwọ́ sẹ́yìn. Bí ìyá ṣe ń fa igi nìyẹn náà, kí ẹ̀pà tó pọ́n. Nọ́ńbà á sọ ìgbà tí o máa fa igi fún ọ. Ìgbà tí o máa dà á jáde, fi etí àti imú sí i.

Ìyá_Ẹlẹ́pà_Ṣábẹ̀ẹ́:

Ó dáa, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kó má fi aago rọ́pò imú rẹ̀.

Oníkọfí_Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà níbi agogo mẹ́jọ. Nínú omi híhó ó sọ 102, mo ń yọ 2. Mo ra òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Kílò kìíní. Mo da kọfí sí i nígbà tí aago sọ 190, mànómítà wà ní 22. Nọ́ńbà já wálẹ̀ dé 88 láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó bà mí lẹ́rù, mo fẹ́ fi kún iná. Mo rántí iyanrìn Ìyá, mo fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó yí padà fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun bí i dígírì 15 ní ìṣẹ́jú kan. Ó dé 150 nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 6, mo mú mànómítà wá sí 14. Nígbà tó dé 185, kó tó ta rárá, mo mú un wá sí 8. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nítorí ó dà bíi pé iná máa kú. Ó ta ní 198, ní ìṣẹ́jú 10 kù díẹ̀. Láti ibẹ̀, bí i dígírì 7 péré ló ń gùn ní ìṣẹ́jú kan. Mo dà á jáde ní 213, ìṣẹ́jú 12 pé géérégé, mo tẹ́ ẹ sórí asẹ́ tí fáànù wà lábẹ́ rẹ̀, ó tutù kí ìṣẹ́jú 4 tó pé. Gíráàmù 853 ló kù nínú 1000.

 

Wẹ́dà_Kétu:

Kílò kejì ńkọ́? Ìyẹn lo torí rẹ̀ wá.

Oníkọfí_Àjàṣẹ́:

Mo ń bọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀pà mẹ́ta tí Ìyá ní kí n wá, mo rí i. Tí mo bá da kọfí jáde, mo máa ń pa iná, kí àgbá òfìfo máa yí. Mo jẹ́ kí aago wálẹ̀ kọjá 190, títí dé 170, ó gba bí ìṣẹ́jú 6. Nígbà náà ni mo tún tan iná, mo jẹ́ kó gun padà dé 190, mo da kọfí sí i. Tí mo bá dá a dúró ní 190 nígbà tó ń wálẹ̀, irin ṣì yó jù, mo ti dán ìyẹn wò. Kílò kejì jáde ní ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10, gíráàmù 849. Ìkẹta, 851. Mo tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí aṣọ funfun, ìyàwó mi ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ tó.

Ohun kan ló kù. Ìkẹrin gba ìṣẹ́jú 15. N kò fọwọ́ kan ẹnu gáàsì, àmọ́ mànómítà ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láti 22 sí 15. Sílíńdà náà ń làágùn, ó tutù bí omi inú fìríìjì. Kò sì tíì fẹ́ẹ́ tán.

Oníwáyà_Ouando:

Sílíńdà kílò 6 ni, àbí? Omi ni gáàsì tó wà nínú rẹ̀. Kó tó di afẹ́fẹ́ tó ń jó, ó ní láti hó, ara sílíńdà ló sì ti ń gba ooru tó fi ń hó. Tó o bá fà á kánkán fún wákàtí kan, sílíńdà á tutù, kò ní lè hó dáadáa mọ́, agbára rẹ̀ á sì wálẹ̀. Gba èyí tó jẹ́ kílò 12 ààbọ̀, ara rẹ̀ fẹ̀ jù, kò ní tètè tutù. Jọ̀wọ́, má gbé e sún mọ́ iná láti fi yá a. Nígbà ọyẹ́ sì rèé, fi nǹkan yí iná rẹ ká nítorí afẹ́fẹ́, mànómítà ò lè rí afẹ́fẹ́ tó ń gbá ahọ́n iná lọ.

Ìyá_Ẹlẹ́pà_Ṣábẹ̀ẹ́:

Ọmọ mi, mo yọ̀ fún ọ. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n mọ bí òórùn rẹ̀ ṣe rí.

Oníkọfí_Àjàṣẹ́:

Ìyá mi, ààbọ̀ kílò máa wọ ọkọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, láti inú kílò kejì gan-an. Mo ti yá sílíńdà ńlá lọ́wọ́ aládùúgbò mi láàárọ̀ yìí. Kílò kẹrin ti òní jáde ní ìṣẹ́jú 12, gíráàmù 852.